Ta Ló Gbé Òkúta Ẹnu Ilẹ̀kùn Náà?

Ìyá òpìtàn kan kú sínú yàrá ìwé àtijọ́, ní yunifásítì tó ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ni. Dókítà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kú, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ìwé tí wọ́n fi ń sàmì sí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ láràárọ̀, ẹ ó rí i pé ó wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá lọ́jọ́rú, ó wá lọ́jọ́bọ̀, ó sì tún wá lọ́jọ́ Ẹtì. Àmì rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere, bírò aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi fà á. Òkú wo ló tún ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Kí inú tó bí yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe èmi fúnra mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Ilé ìwẹ̀ ni o, ọ́fíìsì ni o, bàtà ni mo fi ń há ẹnu ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ta ló fẹ́ jí yín gbé nínú ilé ìwẹ̀?” Nígbà tí mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ní báyìí, òun gan-an ló máa ń wá wò ó bóyá bàtà náà ṣì wà níbẹ̀.

N ó máa pe ìyá náà ní “ó” nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe àfojúdi. Olùkọ́ mi ni, bó bá wà láàyè, ẹnu mi ò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n “wọ́n” pọ̀ nínú ìtàn yìí, mi ò sì fẹ́ kó dàpọ̀ mọ́ wọn.

Ìyá Ẹ̀yìn-Fọ́ọ̀mù ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é. Ìtàn ìrànwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀: bí àwọn ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú káàkiri ayé ṣe ń pinnu ẹni tó yẹ kí wọ́n ràn lọ́wọ́ nígbà ogun, nígbà ìyàn, nígbà omíyalé, bí òfin ìtọ́jú aláìní tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè kan ṣe ń rìn dé òmíràn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláìní náà. Àwọn òpìtàn mìíràn ń ka iye búláńkẹ́ẹ̀tì àti iye àpò ìyẹ̀fun. Ní tirẹ̀, ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ló ń kà. Ó ní iwájú fọ́ọ̀mù ni ọ̀gá máa ń wò, ìdí nìyẹn tí irọ́ fi pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ máa ń kọ òótọ́ sí. “Obìnrin yìí ti wá lẹ́ẹ̀mẹta.” “Ọmọ kejì ò sí mọ́.” “Mo ní kó padà wá lọ́la, ṣùgbọ́n a ò ní ṣí lọ́la.” Irú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣà jọ.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ti kógbá sílé ló kó ìwé rẹ̀ fún yunifásítì náà, ọgọ́jọ àpótí. Lójú fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, àyè kékeré méjì wà: “Ó wà” àti “Kò sí”. Akọ̀wé ibùdó ní láti fàmì sí ọ̀kan láràárọ̀, àmì yẹn ló sì ń sọ ẹni tí yóò jẹun. Ní ibùdó kan, ìyá náà rí bàbá arúgbó kan tí wọ́n fàmì “ó wà” sí fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín. Ní ibùdó mìíràn, ó rí obìnrin kan tí wọ́n fàmì “kò sí” sí lójoojúmọ́, tí òun náà sì ń tò lójoojúmọ́, tó ń wo ẹnu akọ̀wé. Ìwé tó kọ lórí àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orílẹ̀-èdè mọ́kànlá. Àpérò tí wọ́n ń pè é sí pọ̀ débi pé kì í tú àpótí ìrìnnà rẹ̀ mọ́.

Nínú kíláàsì, kò jẹ́ kí a bú àwọn akọ̀wé ibùdó yẹn. “Ẹ má wá ìkà kiri níbí,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. “Ìkà ò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó ń fàmì láìgbójú sókè ni kí ẹ bẹ̀rù. Kò di ẹnikẹ́ni sínú, ìyẹn gan-an ló bani lẹ́rù.” Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òun ni mo sì kọ́kọ́ rí tó gba òwe yẹn gbọ́ débi tó fi sọ ọ́ di iṣẹ́.

Ó ń gbójú sókè ní tirẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, mi ò dé kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òun nìkan, nínú gbogbo olùkọ́ tí mo ní, ló wá mi wá sílé. Kò gbé nǹkan kan dání, kò sì ṣe ìwàásù. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú súẹ́tà ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, ó ní, “Mo ní kí n wá wò ó bóyá o wà.” Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn bí mi ò ṣe sun ún níbi ìsìnkú.

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Kò sẹ́ni tó lọ sọ ọ́ fún òun.

Yàrá tí wọ́n kó àwọn àpótí náà sí wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, lábẹ́ ilé alájà mẹ́ta. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ni ó máa ń gbà débẹ̀. Ilẹ̀kùn irin ni ilẹ̀kùn ibẹ̀, ó wúwo, ó sì máa ń padé fúnra rẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọwọ́ ilẹ̀kùn tó wà nínú já bọ́. Ẹni tó bá wà lóde lè ṣí i. Ẹni tó bá wà nínú ò ní ohun tí yóò dì mú. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà orí tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀ ní àjà àkọ́kọ́ ló máa ń fi tirẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú báàgì tí abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ó kọ lẹ́tà. Ẹ̀dà wọn wà lọ́wọ́ mi, mọ́kànlá ni. Gbogbo wọn ló kọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí àtúnṣe ilé, gbogbo wọn ló sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olórí ẹ̀ka ìtàn, ọ̀gá rẹ̀. Àkọ́kọ́ kún fún “ẹ jọ̀wọ́” àti “bí àyè bá gbà yín”. Ní ìkẹfà, ó ya àwòrán ilẹ̀kùn náà, ó fi ọfà tọ́ka síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti já, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìkọkànlá ò ju ìlà kan lọ: “Ẹ̀rù ilẹ̀kùn yìí ń bà mí.” Èsì kan ṣoṣo ló rí gbà lórí mọ́kànlá. Wọ́n ní àwọn ti rí ìwé rẹ̀, àwọn sì ti fi í sínú fáìlì.

Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ò yí padà, ó wá òkúta kan, ó fi há ẹnu ilẹ̀kùn. Ó fi òkúta náà jẹ oyè Igbákejì Ọ̀gá Àgbà. Ó ní òun nìkan ni aláṣẹ nínú yunifásítì náà tí èèyàn máa ń bá níbi iṣẹ́.

Oṣù kan kó tó kú, mo lọ kí i níbẹ̀. Òkúta wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá jókòó síwájú àpótí kan, ó ń pọ́n pẹ́ńsùlù.

“Ẹ ò ṣe gbé àwọn àpótí yìí lọ sókè, mà?”

“Sókè ibo? Ọ́fíìsì mi ò gba àpótí mẹ́ta. Jókòó jàre.” Ó wo ilẹ̀kùn. Ó tún wò ó. “Ṣé o mọ̀ pé mo ti ń lá àlá ilẹ̀kùn yìí báyìí?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ti rìn dé ibi tí ogun wà, ilẹ̀kùn lásán-làsàn ló wá ń dẹ́rù bà yín?”

Òun náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò fẹ́ dójú tì mí. Ẹ̀rín yẹn ló ń jí mi lójú oorun báyìí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn olùyẹ̀wò ètò ààbò dé. Wọ́n rí òkúta lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ní ó lòdì sí òfin, nítorí pé ilẹ̀kùn tó yẹ kó dá iná dúró kò gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n gbé òkúta lọ. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: “Ilẹ̀kùn ààbò nìyí. Ẹ máa pa á dé nígbà gbogbo.” Wọn ò fi ọwọ́ tuntun sí ilẹ̀kùn náà nínú. Wọn ò tilẹ̀ wo inú. Ohun tí wọ́n ń pè ní ààbò nìyẹn, kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ irú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ bàtà. Lọ́jọ́ Ajé tó wọlé kẹ́yìn, bó ti ń ṣe láti ìgbà tí òkúta ò ti sí mọ́, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó fi há ilẹ̀kùn, ó sì rìn lọ sí ẹ̀yìn pátápátá láàárín àwọn pẹpẹ ìwé. Ẹnì kan kọjá. Ẹni náà ka ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn, ó sì ṣe ohun tí ìwé wí. Ó mú bàtà kúrò, ó jẹ́ kí ilẹ̀kùn padé, ó wá gbé bàtà náà kalẹ̀ sórí etí fèrèsé kọ́rídọ̀, jẹ́jẹ́, kí olóhun lè rí i. Ibẹ̀ ni wọ́n bá a lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ wá sọ fún mi: ẹni tó rí bàtà ẹsẹ̀ kan, ṣé kò ṣe é ní kàyéfì ibi tí ẹsẹ̀ náà wà? Ṣé kò lè na ọrùn, kó ní, “Ta ló wà níbẹ̀?”

Ẹ má tíì dáhùn, nítorí pé èmi náà wà nínú rẹ̀.

Mo pe fóònù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, kò gbé e. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ara mi ò balẹ̀. Ní aago mẹ́wàá, mo pe akọ̀wé ẹ̀ka wọn.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé Màmá wà lọ́dọ̀ yín?”

“Wọ́n wà, sà. Wọ́n ti wọlé.”

“Ṣé ẹ rí wọn?”

“Àmì wọn wà níwájú mi níbí, sà. Ẹ mọ̀ wọ́n náà, wọ́n á ti wà nísàlẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun,” mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo lọ mu tíì.

Nígbà tí mo lọ bá akọ̀wé náà lẹ́yìn ìsìnkú, ojú rẹ̀ ti wú. Mo ti gbé ìbínú mi dání lọ, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí mo máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Ó ní ìyá kì í gba iwájú òun wọlé, àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ló ń gbà, orúnkún rẹ̀ sì ń dùn ún. Òun ò lè ní kí àgbàlagbà máa gun àjà mẹ́ta wá sọ́dọ̀ òun láràárọ̀ nítorí àmì. “Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń bá wọn fà á, sà. Àfi bí wọ́n bá gba àyè lọ sí àpérò, wọn ò pa iṣẹ́ jẹ rí, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo bá ti dé ní aago mẹ́jọ, tiwọn ni mo máa ń kọ́kọ́ fà. Ọ̀wọ̀ ni mo fi ń ṣe é.” Ó wá bo ojú. “Ọ̀wọ̀ ni, sà.”

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Obìnrin tó kọ́ ayé láti bẹ̀rù àmì tí a fà láìwojú, inú àmì bẹ́ẹ̀ gan-an ló kú sí. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni pé akọ̀wé yẹn ò parọ́ fún mi. Ó ní wọ́n wà. Wọ́n wà lóòótọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, télọ̀ kan tó ń gbé ní ìlú mìíràn, ló dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ìyá náà ló tọ́ ọ dàgbà. Ó ti rò pé ìrìnàjò àpérò ni àǹtí òun tún bá lọ. Nígbà tó di ọjọ́bọ̀ tí fóònù ò ṣeé pè mọ́, ó ti ilé ìránṣọ rẹ̀, ó sì wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ṣí ìwé fún un, wọ́n fi àmì hàn án. Ó ní, “Mo rí àmì. Àǹtí mi ni mo fẹ́ fojú rí.” Wọ́n ní kó jókòó. Kò jókòó. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, ó rí bàtà lórí fèrèsé, ó sì ṣí ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú ọwọ́ kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ kan.

Inú àpò súẹ́tà Màmá ló ti rí káàdì kan. Káàdì òfìfo ni, irú èyí tí ìyá fi ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ló kọ ọ́ sí, bó ti ń ṣe. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bóyá kí n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá dọ́wọ́ wọn, a ò ní rí i mọ́.” Òun nìyí:

“Ọjọ́ Ajé, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilẹ̀kùn ti padé. Bàtà mi ò sí níbẹ̀.

Aago mẹ́rin ààbọ̀. Ẹnì kan ń bọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn. Ó dúró. Ó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹni méjì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo kan ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ní páìpù omi ni.

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ojú mi ń ṣú. Ẹni tó bá dé: àpótí kẹtàlélógún ni mò ń kà. Mo ti dá gbogbo fọ́ọ̀mù padà sí àyè wọn.”

Aago mẹ́wàá ni mo pè. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nígbà tí mo ń sọ pé “ẹ ṣeun”, ó ṣì ku ọgọ́rin ìṣẹ́jú kó tó kọ ìlà ìkẹyìn. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Kí wá ni yunifásítì ṣe? Wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n gbé e kọ́ sí kọ́rídọ̀. Níbi ìdárò, olórí ẹ̀ka ìtàn, ẹni tí ẹ̀dà lẹ́tà mọ́kànlá wà lórí tábìlì rẹ̀, dìde dúró, ó ní, “Títí di ọjọ́ ìkẹyìn, ìyá wa ò pa iṣẹ́ jẹ.” Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó béèrè ẹni tó gbé òkúta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà dé bá ọmọ náà. Wọ́n ní ohun ìní yunifásítì ni káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kó dá a padà kí ìgbìmọ̀ ìwádìí tó jókòó lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ẹ mọ ibi tí wọ́n fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí? Inú yàrá yẹn. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ẹnì kan sì pè mí, kò dárúkọ, ohùn rẹ̀ tutù bí omi amù. Ó ní, “Ẹ rọra, sà. Òkú ti lọ, ẹ̀yin ṣì wà.” Mo gbọ́. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Nítorí náà, káàdì náà ò sí nílé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá kan ilẹ̀kùn mi. Kì í padé mọ́, bàtà wà lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ò pọ̀. Kí olórí ẹ̀ka ìtàn gbé lẹ́tà mọ́kànlá náà wá, kó kà wọ́n sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì sọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ tó rí wọn gbà. Kí àwọn olùyẹ̀wò dárúkọ ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé òkúta láì fi ọwọ́ tuntun sí ilẹ̀kùn nínú. Kí ẹni tó mú bàtà, àti ẹni tó dúró tó sì lọ, jáde wá fúnra wọn. Mi ò ní kí wọ́n jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Mo fẹ́ kí wọ́n gbójú sókè. Kí ẹnikẹ́ni má sì di ẹ̀bi náà lé akọ̀wé lórí, kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá máa fọwọ́ lẹ́rán wò ó. Bí wọ́n bá fẹ́ fàmì sí ẹlẹ́bi, orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀, níbi ìpè aago mẹ́wàá.

Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n ní gbọ̀ngàn ńlá òkè ni ìgbìmọ̀ yóò ti jókòó, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Mo kọ̀. Ẹ jókòó sísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin àgbà, nínú yàrá yẹn, láàárín àwọn àpótí. Ẹ fi fóònù yín sílẹ̀ lókè. Kí ilẹ̀kùn padé bí ìwé ara rẹ̀ ti wí, láìsí òkúta, láìsí bàtà. Èmi yóò wà ní kọ́rídọ̀. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn, n ó dúró, n ó béèrè ẹni tó wà níbẹ̀, n ó sì ṣí i.